Kúbùsù ìbejì tó ní ẹranko lára: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kíróṣè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbúrò Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester bí ìbejì, wọn ò ní pẹ́ pé ọdún kan, mo wá sọ pé dípò kí n máa ra tóòyì tí wọ́n máa fọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi hun kúbùsù méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Èyí tí mo fẹ́ ni ti onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń so pọ̀ yẹn, síkúwíà ínṣì mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹranko wà lára ẹ̀: erin, ìjàpá, adìẹ, ẹja, àgùtàn, òwìwí. Mo mọ granny square hun dáadáa, ìyẹn síkúwíà tí wọ́n ń hun láti àárín jáde, mo mọ single, ojú kúkúrú, mo mọ double, ojú tó ga jù ú lọ, àmọ́ mi ò hun ẹranko rí. Ṣé inú síkúwíà yẹn gan-an ni kí n hun ẹranko sí àbí kí n hun ún lọ́tọ̀ kí n wá rán an mọ́ ọn? Wúùlù wo ni kí n rà ní Ìbàdàn níbí? Síkúwíà mélòó ló máa tó kúbùsù kan? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀ o.

Màmá Oníkíróṣè
Ẹ kú oríire ìbejì o, wọ́n á dàgbà, wọ́n á dògbó. Kẹ́ ẹ tó ronú kan erin tàbí ìjàpá rárá, ẹ kọ́kọ́ hun síkúwíà kan tí kò ní nǹkan kan lára, wúùlù tẹ́ ẹ máa lò gan-an, húùkù tẹ́ ẹ máa lò gan-an, kẹ́ ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tó bá ti jẹ́ ínṣì mẹ́fà, ẹ kọ iye ojú (ìyẹn híhun kọ̀ọ̀kan tí húùkù ń ṣe) àti iye ràúndì (ìyẹn ìlà tó yí i ká) tẹ́ ẹ hun sílẹ̀, ìyẹn lòfin yín látìgbà yẹn lọ, gbogbo ẹranko tó bá fẹ́ wọlé ló máa tẹ̀ lé e. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé síkúwíà tó ní ẹranko nínú máa ń fún ju èyí tí kò ní lọ, torí òwú méjì mẹ́ta lèèyàn ń gbé rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ á sì máa le láìmọ̀. Tó bá wá dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ so ó, ẹ ó rí i pé erin jẹ́ ínṣì márùn-ún àbọ̀, adìẹ jẹ́ mẹ́fà lé díẹ̀, kúbùsù ò ní tẹ́ pẹrẹsẹ láéláé bẹ́ ẹ lọ ọ́ tàbí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

Iye ẹ̀: márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn, 30 nìyẹn, ó máa fún yín ní ínṣì 30 ní ìbú, ínṣì 36 ní gígùn, kẹ́ ẹ tó fi etí sí i. Ó tó ọmọ ọdún kan dáadáa, ó ṣì máa bá wọn dé ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin. Kúbùsù méjì, síkúwíà 60. Kì í ṣeré o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní ẹranko, ẹ ṣe 15 ní ẹranko, ẹ ṣe 15 ní granny lásán, kẹ́ ẹ tò wọ́n ní ọ̀kan-kọjá-ọ̀kan. Ó tiẹ̀ dáa lójú jù bẹ́ẹ̀, torí tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ ẹranko, ojú ò ní mọ ibi tó máa wò.

Ọmọ Gbági
Ẹ má kàn sọ pé wúùlù o, ẹ gbọ́ tèmi. Tẹ́ ẹ bá dé Gbági tàbí Dùgbẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra wúùlù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín ni wúùlù irun, Brazilian wool tí wọ́n fi ń dirun. Ẹ sọ fún wọn pé ti kádígàn ọmọ lẹ fẹ́. Wúùlù irun tín-ín-rín, ó máa ń hu irun wíńnífín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu ọmọ nirun yẹn sì ń lọ.

Sísí Tejúoṣó
Haba, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Mo ti fi wúùlù irun hun kádígàn ọmọ, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ kàn fi ojú méjì hun ún pọ̀ kó lè nípọn. Owó kì í ṣe ewé, síkúwíà 60 ni èèyàn ń sọ yìí o, kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀. Àwọ̀ sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi ju ti kádígàn lọ.

Ọmọ Gbági
@Sísí Tejúoṣó mi ò bá yín jà. Ohun tó ń dùn mí nínú wúùlù irun ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní lébẹ́ẹ̀lì, ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́ láró, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Wúùlù tó ní lébẹ́ẹ̀lì máa ń ní nọ́ńbà àwọ̀ àti nọ́ńbà aró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dye lot ni wọ́n ń pe ìkejì. Àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, tí nọ́ńbà aró ẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ máa rí i nígbà tẹ́ ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pé ọ̀kan ṣú ju èkejì lọ. Nítorí náà àwọ̀ tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìpìlẹ̀ àti etí, ẹ ra gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ti ẹranko ò le, ajẹkù ni kẹ́ ẹ fi ṣe e.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tẹ́ ẹ máa rà, ẹ hun síkúwíà kan parí, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ẹ sọ iye tó wọ̀n di ìlọ́po 60. Kò sí ìṣirò tó jùyẹn lọ. Kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ kún un fún etí àti ìsopọ̀.

Húùkù Mẹ́rin
Ẹ jẹ́ kí n dá sọ́rọ̀ híhun sínú àti rírán mọ́ra yẹn torí pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àsìkò ṣòfò. Ní síkúwíà ínṣì mẹ́fà, rírán mọ́ra ló dáa jù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ wò ó: tó bá jẹ́ wúùlù DK, èyí tó nípọn níwọ̀nba, àti húùkù 4mm lẹ̀ ń lò, single crochet tó máa wọ ínṣì mẹ́fà ò ju bíi 26 lọ. Tó bá jẹ́ èyí tó nípọn jùyẹn, tí wọ́n ń pè ní worsted, pẹ̀lú húùkù 5mm, bíi 21 ni. Ẹ mú ìwé gíráàfù tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìṣirò nígbà tá a wà nílé ìwé, ẹ ka àpótí 21 sí ìbú, kẹ́ ẹ wá ya erin sínú ẹ̀. Ọwọ́ ìjà ẹ̀ máa jẹ́ àpótí kan, ojú ẹ̀ àpótí kan, ìrù ẹ̀ kò tiẹ̀ ní ríbi dúró. Tẹ́ ẹ bá hun ún tán, ẹni tó bá wò ó á ní ṣé kẹ̀tù̀lù ni.

Ohun mìíràn tún wà. Ojú single crochet kì í ga tó bó ṣe fẹ̀, nítorí náà ẹranko tẹ́ ẹ yà dáadáa sórí gíráàfù máa kúrú, á sì sanra lórí kúbùsù. Ẹni tó bá fẹ́ hun ún sínú dandan gbọ́dọ̀ ya á kó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí wọ́n ń ṣe láti igun sí igun náà, corner to corner, tẹ́ ẹ máa ń rí lórí YouTube tó máa ń rẹwà, àpótí kọ̀ọ̀kan ẹ̀ pẹ̀lú wúùlù worsted tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, ìyẹn ni pé àpótí mẹ́jọ péré ló máa wọ síkúwíà yín. Kí lẹ fẹ́ fi àpótí mẹ́jọ yà? Bóyá ẹja. Ìyẹn dáa fún síkúwíà ńlá, ínṣì 12 sókè, tàbí kí kúbùsù odindi jẹ́ erin kan ṣoṣo.

Àmọ́ tó bá jẹ́ rírán mọ́ra, ẹ̀rọ̀ ni. Gbogbo ẹranko láti inú róbótó ló ti ń jáde. Ẹ ṣe magic ring, ìyẹn òrùka òwú tó ṣeé fà pa, ẹ fi single mẹ́fà sínú ẹ̀, ràúndì kejì 12, ìkẹta 18, ìkẹrin 24, mẹ́fà mẹ́fà lẹ ó máa fi kún un. Ìyẹn lorí. Róbótó ńlá kan àti kékeré méjì ti di ológbò tàbí béárì tàbí ọ̀bọ, ó kù sọ́wọ́ etí. Etí gígùn, ehoro. Etí ńlá méjì tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ìjà tó sọ kalẹ̀ láàárín, erin ti dé. Róbótó kékeré pupa rúsúrúsú tó ní ihò méjì, imú ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rán an mọ́ ọn, ẹ fi òwú àwọ̀ ẹranko náà rán an yí ká, kò gbọdọ̀ sí ibì kan tó máa fò sókè, etí pàápàá.

Àbúrò Ìyá Ìbejì
Kẹ̀tù̀lù kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín tán. Ó dáa mo ti gbà, rírán mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìjàpá ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ìjàpá mi dà bí búrẹ́dì.

Màmá Oníkíróṣè
Ìjàpá ni èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo wọn, ẹ ò tiẹ̀ ní rán nǹkan púpọ̀ mọ́ ọn. Àárín síkúwíà fúnra ẹ̀ lẹ máa sọ di igbá ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ hun róbótó double crochet ràúndì mẹ́ta: 12, 24, 36, ẹ máa pa àwọ̀ dà ní ràúndì kọ̀ọ̀kan, búráùn, àwọ̀ ewé, búráùn. Ní ràúndì kẹrin lẹ máa wá fi àwọ̀ ìpìlẹ̀ sọ róbótó di onígun mẹ́rin. Báyìí ni: nínú ojú kan ẹ hun treble (ojú tó ga ju double lọ) méjì, ṣéènì (ojú lásán tí a ò so mọ́ nǹkan kan) méjì, treble méjì, ìyẹn ni igun, ojú tó tẹ̀ lé e double kan, òmíràn half double (tó ga ju single, tó kúrú ju double) kan, kẹ́ ẹ wá hun single nínú ojú mẹ́rin, half double kan, double kan, ẹ ti dé igun kejì. Ojú mẹ́sàn-án ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin ni 36, kò ní ṣẹ́ kù, kò ní dín. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa fi double yí i ká títí tó fi máa pé ínṣì mẹ́fà. Orí, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù ṣóńṣó kékeré lẹ máa rán sétí igbá.

Orúkọ US ni mo lò o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kíyè sí i, torí pé bẹ́ ẹ bá ra ìwé pátánì ní Manchester, double tiwọn níbẹ̀ ni single tiwa, treble tiwọn ni double tiwa. Tẹ́ ẹ bá rí single crochet nínú pátánì kan, US ni, kò sí single nínú ti ìlú ọba rárá.

Adìẹ Ìrànà
Àfikún díẹ̀ sórí ẹranko. Ẹni tó bá ní wúùlù aláwọ̀ púpọ̀ nílé, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí padà fúnra ẹ̀, tí kò mọ ohun tó máa fi ṣe, ẹ fi hun agẹmọ. Òun nìkan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún yín. Ìgbín: ẹ hun okùn gígùn pẹlẹbẹ, single ìlà mẹ́ta, ẹ ká a jọ bí ẹní, ẹ rán an, ikarahun ti parí. Àgùtàn: ẹ lo bobble, double márùn-ún nínú ojú kan tẹ́ ẹ parí pọ̀, àmọ́ ìlà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì ló máa ń yọ sí, ẹni tó bá ṣe é níwájú á máa wò ó pé irun àgùtàn òun wà lẹ́yìn. Awó náà wà, wúùlù eléérú tó ní tóótòòtó funfun, orí pupa kékeré. Kò wọ́pọ̀ nínú pátánì àwọn òyìnbó, ẹ ní kí ló dé tí ọmọ wa fi máa mọ penguin kó tó mọ awó.

Ìyá Àgbà Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo kà á láti òkè, ohun kan ló kọ mí lóminú. Òwìwí? Lára kúbùsù ọmọ? Ìbejì tún ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọmọ Oòduà Houston
Mà, ẹ má bínú, níbí òwìwí wà lára gbogbo nǹkan ọmọ, bẹ́ẹ̀dì, ìgò wàrà, báàgì. Ẹyẹ lásán ni lójú wọn, ọlọ́gbọ́n ẹyẹ ni wọ́n kà á sí. Èmi ò rí aburú kankan níbẹ̀, ojú rògódò méjì ẹ̀ sì rọrùn láti hun.

Ìyá Àgbà Òṣogbo
Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ló máa kọ́kọ́ tú ẹrù yẹn wò. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó bi wá léèrè yìí ni. Tó bá rí ẹyẹ òru lára aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọmọ sùn, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn ká a sínú àpótí, ibẹ̀ ló máa wà títí ọmọ á fi dàgbà. Ta ló wá jàǹfààní wàhálà yẹn?

Sísí Tejúoṣó
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n lo nǹkan kó fi ti ẹni tó wà nílé rò ó.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù
Ẹ fi ẹdun rọ́pò òwìwí! Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. Ìbejì la ní, ẹdúnjọbí, ẹdun ló yẹ kó wà láàárín kúbùsù gan-an. Kò sì le: ojú dúdú, irun funfun yí ojú ká, ìrù funfun gígùn. Ẹ lo róbótó ìjàpá tí Màmá Oníkíróṣè kọ yẹn, ràúndì méjì dúdú, ìkẹta funfun, ìkẹrin sí igun mẹ́rin pẹ̀lú àwọ̀ ewé nítorí orí igi ni wọ́n ń gbé. Ìrù ẹ̀, ẹ hun ṣéènì kẹ́ ẹ fi single padà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ rán an mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa jù dirodiro.

Ẹ wá gbọ́ o, èmi tí mo tọ́ ìbejì ni mò ń sọ ọ́: ohun tí Táyé bá ní, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ ní. Ẹ má wulẹ̀ ronú pé ẹ máa fún ọ̀kan ní ẹranko inú igbó kẹ́ ẹ fún èkejì ní ti inú omi. Tí wọ́n bá ti tó fa nǹkan, kúbùsù tó ní erin lára ni àwọn méjèèjì máa fẹ́, ẹ máa gbọ́ igbe wọn láti Manchester dé Ìbàdàn. Ẹranko kan náà, iye kan náà, ibi kan náà. Etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan ní etí yẹ́lò, ọ̀kan ní etí búlúù, kí ìyá wọn lè mọ tẹni tó tọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Òyìnbó
Mo ti ń dúró kí ẹnìkan mẹ́nu ba ojú ẹranko, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ojú oníke tí wọ́n ń kì bọ ara béárì yẹn, bó ti wù kó dì tó. Ọmọ ọdún kan, ẹnu ni gbogbo nǹkan ń lọ. Òwú dúdú ni kẹ́ ẹ fi rán ojú. Ẹ̀yìn síkúwíà náà, ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó ń hun ẹranko sínú máa ń fi okùn gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn láti àwọ̀ kan dé òmíràn, ìka ọmọ lè há síbẹ̀, òwú tó bá sì wé mọ́ ọmọ ìka máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, àwọn òbí lè má tètè rí i tí ọmọ bá wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí rírán mọ́ra fi dáa.

Ti oorun: AAP, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà, sọ pé kò yẹ kí kúbùsù tàbí nǹkan mẹ́lẹ́mẹ́lẹ́ wà nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, ní tẹ́ ẹ bá lò ó fún ọmọ ọwọ́, kẹ́ ẹ kì í sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì dáadáa, kó má kọjá èjìká, kí ẹsẹ̀ ọmọ sì kan ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Tiyín ti fẹ́ pé ọdún, kò burú. Kó tó dìgbà yẹn ilẹ̀ ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí kí wọ́n máa ṣeré lórí ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ wọn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ lójú tìyá wọn.

Kí ẹ tún ra èyí tó ṣeé jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ o. Ìyá ìbejì ò ráyè fọwọ́ fọ kúbùsù. Acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, tàbí cotton, kì í ṣe irun àgùtàn gidi, torí ìyẹn máa sún kì tó bá bọ́ sínú omi gbígbóná.

Ọmọ Gbági
Ó ṣe é. Kẹ́ ẹ sì dán pupa, dúdú àti búlúù tó ṣú wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi aṣọ funfun fún un. Tí funfun yẹn bá yí àwọ̀, ẹ má lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun ẹdun. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ fi fínígà sínú omi, kì í mú aró acrylic dúró.

Ọlọ́wọ́ Òsì
Ìbéèrè kékeré. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń hun, ṣé gbogbo pátánì yìí ṣì máa bá mi mu?

Húùkù Mẹ́rin
@Ọlọ́wọ́ Òsì ó bá yín mu. Tó bá jẹ́ gíráàfù, ẹranko yín kàn máa kọjú sí òdìkejì ni. Erin ò bìkítà. Lẹ́tà orúkọ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ẹ kà á láti apá kejì.

Wúùlù Ọ̀fẹ́
Àbúrò Ìyá Ìbejì, Bódìjà ni mo wà, mo ní àsìkò, mo lè bá yín hun mẹ́wàá nínú granny lásán yẹn. Ẹ ò ní san nǹkan kan, ẹ kàn fún mi ní wúùlù.

Sísí Tejúoṣó
Èmi náà á ṣe márùn-ún, má a gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn.

Àbúrò Ìyá Ìbejì
Áà! Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á pèsè fún yín. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Màmá Oníkíróṣè
Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́. Ọwọ́ èèyàn mẹ́ta kì í dọ́gba. Wúùlù kan náà, húùkù 4mm kan náà, ẹnìkan á hun mẹ́fà, ẹnìkan mẹ́fà àbọ̀, èyí tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n á hun méje. Ohun tí a máa ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wa ni pé àwọn olùrànlọ́wọ́ máa dúró ní ràúndì kan ṣáájú ìgbẹ̀yìn, wọn ò ní parí ẹ̀. Ẹni tó ni kúbùsù ló máa hun ràúndì ìgbẹ̀yìn sí gbogbo síkúwíà fúnra ẹ̀. Èyí tó kéré, ó máa fi húùkù tó tóbi díẹ̀ hun tiẹ̀, èyí tó tóbi, ó máa fi kékeré. Gbogbo etí máa wá jẹ́ ọwọ́ kan náà, iye ojú kan náà, ìsopọ̀ ò ní yọ yín lẹ́nu. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi òwú ínṣì mẹ́fà sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti gé e, kí wọ́n má ṣe gé e mọ́ ara. Òwú kúkúrú ló máa ń yọ jáde lẹ́yìn fífọ̀.

Adìẹ Ìrànà
Ẹ má kó òwú yẹn jọ títí dìgbà ìparí o. Bẹ́ ẹ bá ti parí síkúwíà kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ kì í bọ inú lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ síwájú, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún lọ síwájú, ọ̀nà mẹ́ta. Kókó lásán ò tó. Àárín magic ring pàápàá, tí ìdí ẹ̀ bá tú, ihò ló máa kù níbi tí ojú ẹdun wà.

Húùkù Mẹ́rin
Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ na gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ acrylic, ẹ fi píìnì gún un mọ́ orí fóòmù ní ínṣì mẹ́fà géérégé, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tó ń rú ooru sókè ẹ̀, kó má kàn án, ẹ jẹ́ kí ooru wọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù. Tí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, ó máa yọ́ tàbí kó di rọ̀bọ̀tọ̀ bí ọ̀rá, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Cotton ní tiẹ̀, omi ló fẹ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kò ní dààmú yín tí kò bá síná.

Lẹ́yìn náà ẹ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ yà á ní fótò pẹ̀lú fóònù, kẹ́ ẹ sọ fótò náà di dúdú àti funfun. Ibi tí ẹranko bá ti pòórá sínú ìpìlẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù, erin eléérú lórí búlúù rírọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ìsopọ̀: èmi fẹ́ràn kí n fi abẹ́rẹ́ gba okùn ẹ̀yìn ojú méjèèjì, torí pé ó máa ń tẹ́, ọmọ ò ní rí ìlà tó le lábẹ́ ara ẹ̀. Ẹ so gbogbo ìlà tó lọ sí ìbú tán kẹ́ ẹ tó so ti gígùn.

Sísí Tejúoṣó
Ẹ fi àńkárá sí ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè bo gbogbo ibi tí òwú wà. Àńkárá tí ẹ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ o, kó má lọ sún kì lẹ́yìn tó ti wà lára ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Òyìnbó
Fún Manchester mo fara mọ́ ọn, òtútù wà. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n máa lò ó mi ò ní gbà, ihò inú granny yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá fi sí i, ẹ kàn án mọ́ igun síkúwíà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe etí nìkan, kó má lọ dà bí àpò tí ọmọ máa ki orí bọ̀.

Àbúrò Ìyá Ìbejì
Mo ti bẹ̀rẹ̀ o! Ẹja dúró ní ínṣì mẹ́fà dáadáa. Ìjàpá ló jẹ́ mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ iye ojú etí ẹ̀ bá ti ẹja mu. Ṣé kí n tú gbogbo ẹ̀ ni? Igbá ẹ̀yìn ẹ̀ ti rẹwà jù, ó ń ṣe mí láàánú.

Màmá Oníkíróṣè
Ẹ má fọwọ́ kan igbá ẹ̀yìn ẹ̀. Ràúndì méjì ìgbẹ̀yìn nìkan ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ fi húùkù 3.5mm tún un hun, iye ojú kan náà. Kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti gba ooru tó tutù tán, torí acrylic máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ wọ̀n ọ́n kó tó gbà á kẹ́ ẹ tún padà wá bá wa pé ó ti di mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin.